Gírámà ńlá: ta ló ń san owó ẹ̀?

Kò síbi tí wọ́n ti ń yin ẹni tó gbọ́ òyìnbó bíi ti ilẹ̀ wa níbí. Ẹni tó bá dìde nípàdé, tó fọ́n gírámà bíi márùn-ún sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀, àtẹ́wọ́ ni wọ́n máa fi dá a lóhùn. "Ọmọ yìí kàwé o!" Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló sọ gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí ẹ ń kọ ímeèlì láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹ ń ṣèpàdé lórí Zoom, tí ẹ sì ń wáṣẹ́ lórí LinkedIn. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí à ń kó jọ yìí, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe wá láǹfààní, ìgbà wo ni wọ́n sì ń pa ẹlòmíì lára?

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́nìkan má lọ sọ pé mo ń bá ìwé kíkà jà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí mo bá pàdé èyí tí mi ò rí rí, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò ní í fi í sílẹ̀ títí máa fi mọ ilé bàbá ẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ dà bíi kápẹ́ńtà tí irinṣẹ́ ẹ̀ pé: iṣẹ́ yòówù kó dé, ohun tó máa fi ṣe é wà ńlẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ ti rí kápẹ́ńtà tó ń fi ayùn kan ìṣó rí, torí pé ayùn ló wọ́n jù nínú àpótí ẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ní ọ́fíìsì nìyẹn.

Ìfẹ́ gírámà yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá, ó sì ní bàbá. Ìyá ẹ̀ ni àṣà tiwa. Yorùbá fẹ́ràn ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Onírárà, oníjàálá, eléṣà, ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Tá a bá fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó, a kì í rán ẹni tí ò lẹ́nu lọ. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn títí àwọn àlejò á fi máa náwó. D. O. Fagunwa gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Síbẹ̀ ọmọ iléèwé ń kà á, àgbàlagbà ń kà á, ó sì ń yé wọn. Kí ló fà á? Fagunwa kì í sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan kó wá dákẹ́ síbẹ̀. Á sọ ọ́, á tún un sọ lọ́nà míì, á wá fi àfiwé gbè é lẹ́yìn, débi pé bí ìkíní bá fò ọ́ dá, ìkejì tàbí ìkẹta á bá ọ nílé. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ni.

Bàbá ẹ̀ ni iléèwé òyìnbó. Láyé àwọn amúnisìn, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń di akọ̀wé, akọ̀wé ló sì ń gba owó oṣù. Àwọn tí ò mọ̀wé á lọ bá àwọn tó ń fi lẹ́tà kíkọ ṣòwò, wọ́n á sanwó kí wọ́n lè bá wọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Àtìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì tó ta kókó ti di àmì pé èèyàn ti kúrò lẹ́gbẹ́ ará oko. Nígbà tí òṣèlú dé, K. O. Mbadiwe, tó jẹ́ mínísítà kí sójà tó gbàjọba lọ́dún 1966, sọ gírámà di eré ìdárayá. Títí dòní la ṣì ń pe àwọn èèyàn jàǹkàn ní "timber and calibre". Nígbà tiwa, Patrick Obahiagbon láti ìpínlẹ̀ Edo, tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láàárín 2007 sí 2011, ni gbogbo wa ń pín fídíò ẹ̀ kiri lórí WhatsApp. Èyí ò burú. A rẹ́rìn-ín, inú wa dùn, kò sẹ́ni tó pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.

Iléèwé tiwa náà dá kún un. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, máàkì 50 ló wà níbẹ̀: 10 fún ohun tó o sọ, 10 fún bó o ṣe tò ó, 10 fún pé kó o má ṣi gírámà àti sípẹ́lì, 20 fún bó o ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ni wọ́n ní ká lò láti fi gba 20 yẹn. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà sọ fún wa ní kíláàsì ni pé ká kó ọ̀rọ̀ ńlá sórí, ká sì tì í bọ ibi tó bá ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS3 ò fi lè kọ ọ́ pé òun lọ sí Ìbàdàn. Dandan ni kó "embark on a journey". Wọ́n ti ń fi máàkì san owó gírámà fún wa láti kékeré, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé a dàgbà tán a ṣì ń tà á.

Nǹkan kan tún wà tí mo ti ń kíyè sí nínú ímeèlì àwa ọmọ Yorùbá. Nínú èdè wa, "ẹ" kan ṣoṣo ti parí iṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i." Ó tán. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ náà wà níbẹ̀. Tá a bá wá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, "you" la máa pe ọ̀gá, "you" náà la máa pe ọmọ tó ń gbálẹ̀. Ara wa ò gbà á. Ó dà bíi pé a na ọwọ́ òsì sí àgbà. A wá ń wá aṣọ míì tá a lè fi bo ìhòòhò "you" yẹn: "I wish to most respectfully and humbly bring to your esteemed notice..." Kó tó di pé ọ̀gá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó ti gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló wọ kóòtù àti táì wá sí ọ́fíìsì yẹn, kì í ṣe òmùgọ̀. Àmọ́ ó yẹ ká mọ̀ pé ìlà kan tó fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ ti tó fún ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde bó ṣe rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa ronú nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 2024. Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí X pé ẹnìkan fi ímeèlì ránṣẹ́ sóun, òun sì rí ọ̀rọ̀ náà "delve" níbẹ̀. Lójú tiẹ̀, àmì pé ChatGPT ló kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ya bò ó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tá a ti ń lò láti iléèwé, ta ló fún un láṣẹ láti sọ pé ẹ̀rọ ló ni ín? Mo wà lẹ́yìn wọn. Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, a sì ti sọ ọ́ di tiwa. Oxford English Dictionary fúnra ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2020, "danfo", "okada", "tokunbo" àti "mama put" wà nínú wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tá a mọ̀ ṣe ẹ̀rí pé a ò lọ́pọlọ.

Àmọ́ ìjà pẹ̀lú ará Amẹ́ríkà rọrùn. Ti ilé ló ṣòro. Tá a bá jà tán lórí X, tá a padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn wo là ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n sì ń gbọ́ wa?

Láìpẹ́ yìí, mo sin ìyá kan ládùúgbò wa lọ sí ọsibítù. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà, wọ́n gbọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀. Dókítà tó rí wọn kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó sì kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá ní, "Mama, your blood pressure is significantly elevated. You must adhere strictly to your medication and minimise your sodium intake." Ìyá mi orí. "Ẹ ṣé o, dókítà. Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú yín." Bá a ṣe jáde síta, wọ́n yíjú sí mi: "Kí ni wọ́n ní kí n dín kù yẹn?"

Mo ní iyọ̀ ni, màmá.

"Háà, iyọ̀! Ṣé Maggi náà wà níbẹ̀?"

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Iyọ̀ pọ̀ nínú Maggi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀, ẹlòmíì sì lè yé bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kó máa fọ́ Maggi mẹ́rin sí i. Ká ní dókítà yẹn sọ pé "ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an, ẹ má fi oògùn yín ṣeré, ẹ sì dín iyọ̀ kù", iwájú ẹ̀ ni màmá á ti bi í, á sì dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "sodium", ló ti ilẹ̀kùn kí ìbéèrè tó yẹ tó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣàṣìṣe o, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òótọ́ tí ò dé ibi tó ń lọ ni.

Kí ló dé tí màmá ò fi béèrè nínú ibẹ̀? Torí pé nílùú wa, ẹni tí ò gbọ́ ló ń tijú, kì í ṣe ẹni tí ò sọ ọ́ kó yéni. Bí wọ́n bá fún síkiọ́ríítì ní lẹ́tà pé ilé iṣẹ́ ń ṣe "right-sizing", pé ipò ẹ̀ ti di "redundant", á ká a, á fi í sápò, á ní ẹ ṣé sà. Ó di ìgbà tí owó oṣù ò wọlé kó tó mọ̀ pé wọ́n ti lé òun. Oníṣòwò tó fẹ́ yáwó lórí fóònù á tẹ "I agree" sábẹ́ ìwé gígùn tó kún fún "default" àti "rollover", ó dọjọ́ tí èlé bá gun orí èlé kó tó yé e. Nínú gbogbo ẹ̀, ẹni tó kọ gírámà yẹn ò san kọ́bọ̀. Ẹni tí ò gbọ́ ọ ló ń fi owó, iṣẹ́ tàbí ìlera ẹ̀ san án. Ìdáhùn ìbéèrè tó wà lórí àkọlé mi nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣòfin ti rí èyí tipẹ́. Láti ayé amúnisìn ni òfin ti wà nílẹ̀ wa tó ń dáàbò bo àwọn tí ò mọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní Illiterates Protection. Ó ní ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tara ẹ̀ síbẹ̀, kó sì ti kà á fún onítọ̀hún, kó túmọ̀ ẹ̀ kó yé e, kó tó fọwọ́ sí i. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo àwa oníbàárà náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ní èdè tó rọrùn láti lóye. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí èdè yìí ti wá, obìnrin kan láti Liverpool, Chrissie Maher, kó ìwé ìjọba lọ sí Parliament Square ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1979, ó sì gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú gbogbo ayé torí pé wọn ò yé mẹ̀kúnnù. Ibẹ̀ ni Plain English Campaign ti bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Barack Obama fọwọ́ sí òfin lọ́dún 2010 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa kọ̀wé ní èdè tí aráàlú máa gbọ́. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń sá fún gírámà, àwa la wá ń sáré bá a.

Àwọn kan á ní, "Tí mo bá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, wọn ò ní mọ̀ pé mo kàwé." Ẹ gbọ́ èyí. Daniel Oppenheimer, tó wà ní yunifásítì Princeton nígbà náà, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006. Ó mú àwọn àròkọ, ó yọ ọ̀rọ̀ kéékèèké inú wọn, ó fi èyí tó gùn rọ́pò, ó wá ní káwọn èèyàn kà á kí wọ́n sọ bí orí ẹni tó kọ ọ́ ṣe pé tó. Ọ̀rọ̀ gígùn ò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́gbọ́n lójú wọn. Bí ìwé náà bá ṣe ṣòro kà tó ni wọ́n ṣe ń rò pé orí ẹni tó kọ ọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi lódì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà gbogbo ni mò ń polówó. Ọ̀rọ̀ tó ṣe géẹ́ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, ọkọ̀ òfuurufú Avianca 52 láti Kòlóńbíà ń yí po lójú ọ̀run nítòsí New York, ojú ọjọ́ ò dáa, epo sì ń tán lọ. Àwọn awakọ̀ sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ nílẹ̀ pé àwọn fẹ́ "priority", wọ́n sọ pé epo àwọn ń tán. Àmọ́ wọn ò pe "emergency", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ pé bí ẹni tó wà nílẹ̀ bá ti gbọ́ ọ, gbogbo ọkọ̀ yòókù gbọ́dọ̀ yà lọ́nà. Ọkọ̀ náà já, èèyàn 73 kú nínú 158 tó wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, bí lọ́yà bá sọ "bail", bí dókítà bá sọ "diabetes", bí ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà bá sọ "server" láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, kò burú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ó ń gé ọ̀nà kúrú fún wọn. Ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde síta láìtúmọ̀ ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá la fẹ́, kí ló dé tá ò fi wo ti Yorùbá? Ẹ wo ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀rọ̀ gígùn ni, àmọ́ ṣe ni ẹ máa ṣí i bíi ewé ẹ̀kọ: kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ìdájọ́ ò tẹ́ lọ́rùn ló ń lọ síbẹ̀. Amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù. Asọ̀rọ̀mágbèsì, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ ńlá Yorùbá ń gbé ìtumọ̀ ẹ̀ sápò rìn. "Appellate" àti "hypertension", èdè Látìn àti Gíríìkì ló ti ilẹ̀kùn wọn pa. Ẹni tí ò lọ iléèwé ò ní kọ́kọ́rọ́. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa tá a lè sọ "guarantor" lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ò rántí onígbọ̀wọ́ mọ́. Àmọ́ kẹ́nìkan má tún fi ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣe pàṣán o. Ẹni tó ń fi òwe mẹ́jọ bú ọmọ tí wọ́n tọ́ sí Lẹ́kí pé kò gbédè, òun àti ẹni tó ń fi "synergy" dẹ́rù ba akọ̀wé kékeré, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èyí tó wá yẹ kó jẹ àwa ọ̀dọ́ lógún jù ni pé ọjà gírámà ti fọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì ńlá, a mọ̀ pé ó ti jókòó ti ìwé pẹ́. Lónìí, ẹni tí ò ka ìwé kan tán lọ́dún márùn-ún lè tẹ ChatGPT, kí gírámà ojú ewé mẹ́ta jáde kó tó mu omi tán. Ohun tó ti di ọ̀fẹ́ ò lè sọ ẹni di èèyàn pàtàkì mọ́. Ohun tó wọ́n báyìí ni kéèyàn mọ ẹni tó wà níwájú òun, kó mọ ohun tí onítọ̀hún mọ̀ àti ohun tí ò mọ̀, kó wá mú ọ̀rọ̀ tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má yé kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹ kàwé, ẹ ṣí atúmọ̀ èdè, ẹ máa bi àwọn àgbà léèrè. Àmọ́ kí ẹ tó fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ga jù níbẹ̀, kí ẹ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe tí èyí tó kéré ò lè ṣe. Bí iṣẹ́ bá wà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹni tó máa kà á ò bá ní í mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe bíi Fagunwa, ẹ tún un sọ lọ́nà míì. Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún yín nìkan ni, ẹ yọ ọ́. Nípàdé, ẹ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ ní "ẹ dákun, kí nìyẹn túmọ̀ sí?", torí pé ó kéré tán, ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ò gbọ́ tí ò lè béèrè. Bí ẹ bá sì di ọ̀gá lọ́la, tí ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí síkiọ́ríítì yín, ẹ kọ ọ́ kó lè kà á fún ìyàwó ẹ̀ nílé láì wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ẹ ò ríi pé kó tó di odidi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dénú ẹ̀ ná.